Olùkọ́ Orí Fóònù: Ta Ló Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Kọ́ Ọmọ Ilé-Ìwé Ìjọba, Ta Ni Yóò sì San Owó Dátà?

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, ohun tí mo sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. Mo ti yọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti ń bá mi du gbohùngbohùn kúrò.

Ìbéèrè kan la fẹ́ tú palẹ̀ lónìí. Bí ilé-ìwé ìjọba bá ní kí ọmọ máa kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ta ni òfin gbà láàyè pé kó kọ́ ọ? Àpò ta sì ni owó rẹ̀ yóò ti jáde?

Ẹ rántí oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí kòrónà ti gbogbo ilé-ìwé pa. Àwọn ọmọ ilé-ìwé aládàáni tí òbí wọn rówó ná bọ́ sórí Zoom. Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba. Ọmọ tí kò sí iná nílé wọn, tí kò sí rédíò, ṣe ló jókòó. Ilé-ìwé sì lè tún tì pa lọ́la, ì báà jẹ́ nítorí àìsàn, omíyalé tàbí àwọn ajínigbé. Bí a ò bá ní ìlànà nílẹ̀ kó tó dìgbà yẹn, ọmọ yẹn kan náà ló tún máa jókòó.

Ta ni olùkọ́ lójú òfin?

Òfin tó dá TRCN sílẹ̀, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, jáde lọ́dún 1993. Ohun tó ń wá ni pé kí iṣẹ́ olùkọ́ rí bíi ti dókítà tàbí lọ́yà, kí ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ má ṣe é.

Ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ wa gbà fún olùkọ́ ni NCE, tí wọ́n ń fi ọdún mẹ́ta kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ẹni tó gboyè ní yunifásítì nínú físíìsì tàbí ìmọ̀ ìṣirò owó kò tíì di olùkọ́ nítorí ìyẹn. Ó ní láti gba PGDE kún un. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò TRCN tẹ̀ lé e, kó tó rí ìwé-àṣẹ gbà. Ìsọ̀rí mẹ́rin ni TRCN pín àwọn olùkọ́ sí. A wà fún àwọn tó ní Ph.D., B fún Master's, C fún dìgírì àkọ́kọ́, D fún NCE.

Ìjọba àpapọ̀ tiẹ̀ fún àwọn tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ ní gbèdéke: ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 2019. Ẹ ṣírò ó. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ilé-ìwé fi tì pa, tí olùkọ́ tó níwèé-àṣẹ àti èyí tí kò ní jọ di olùkọ́ orí fóònù.

Ẹ wo kókó kan níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ni ni òfin náà ń sọ nípa rẹ̀. Kò sọ pé inú kíláàsì nìkan ló ti máa ń mú èèyàn. Nítorí náà, bí èmi ṣe kà á, fóònù kò yí nǹkan kan padà. Ẹni tí yóò máa kọ́ ọmọ ilé-ìwé ìjọba lórí WhatsApp gbọ́dọ̀ ní ìwé-àṣẹ kan náà tí ẹni tó ń lo ṣọ́ọ̀kì ní.

Ẹlòmíràn á ní, “Àwọn tó ń ṣe fídíò ìṣirò sórí YouTube ńkọ́?” Iṣẹ́ rere ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n fídíò ò yàtọ̀ sí ìwé. Kò lè mọ̀ pé ohun tó sọ kò yé ọmọ tó ń wò ó. Olùkọ́ ni ẹni tó mọ orúkọ ọmọ, tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, tó ń fún un ní máàkì, tí òbí sì lè pè wá dáhùn bí nǹkan bá wọ́. Tí ìjọba bá ra fídíò, ohun èlò ló rà. Kò tíì gba olùkọ́.

Àléébù kan wà ṣá. Ìwé-àṣẹ yẹn ń sọ fún wa pé èèyàn lè kọ́ni. Kò sọ pé ó lè kọ́ ọmọ tí kò rí lójú. Nínú kíláàsì, olùkọ́ á wo ojú ọmọ, á ti mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti lọ. Lórí fóònù, ó ní láti mọ bí a ṣe ń gé ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́, bí a ṣe ń gba iṣẹ́ ọmọ padà, àti bí a ṣe ń dáàbò bo ọmọdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, owó ló sì ń béèrè.

Owó dà?

Òfin UBE ti ọdún 2004 ló dìídì sọ̀rọ̀ owó. Ó ní kí ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ àti dandan fún ọdún mẹ́sàn-án: mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré. Ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ yọ ó kéré tán 2% nínú àpò gbogbogbòò rẹ̀ fún un, UBEC ni yóò sì máa pín in. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kò kàn ní na ọwọ́ lásán. Ó ní láti gbé ó kéré tán ìdajì owó iṣẹ́ náà kalẹ̀ kó tó rí tìjọba àpapọ̀ gbà. Bí kò bá gbé e kalẹ̀, owó náà á máa wà lọ́dọ̀ UBEC ni. Gbogbo ìgbà la sì ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn pé ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà wà níbẹ̀ tí àwọn ìpínlẹ̀ kò wá gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan fóònù nìyí. Iṣẹ́ tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń kúrò nídìí rẹ̀ ni wọ́n fi owó yẹn lélẹ̀ fún: kíkọ́ kíláàsì, ríra ìwé, dídá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Kíláàsì téèyàn kọ́ lónìí lè dúró fún ogún ọdún. Dátà tí a rà lọ́jọ́ Mọ́ńdè ti tán lọ́jọ́ Fúráìdé. Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ń jẹ owó lóṣooṣù bí owó iná, kò sì sí àyè tó dájú fún irú ìnáwó bẹ́ẹ̀.

Òfin kan náà to àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ lẹ́sẹẹsẹ: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga àti tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán. Dátà ò sí níbẹ̀. Fóònù ò sí níbẹ̀. Ọdún 2004 ni, a ò lè bínú sí wọn. Lọ́yà kan lè sọ pé ohun èlò ìkọ́ni ni dátà, òmíràn lè ní rárá. Òfin náà sì sọ pé ẹni tó bá gba owó lórí ohun tó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́ lè san owó ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Tóò, bí ilé-ìwé bá ní kí òbí ra dátà kí ọmọ lè wọ kíláàsì, ṣé owó ilé-ìwé nìyẹn àbí kì í ṣe òun? Òfin ò fọhùn. Níbi tí òfin ò ti fọhùn, ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́bàá ọ̀nà ló máa san án.

Àwọn tó ti gbìyànjú

Lọ́dún 2013, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ girama àgbà. Ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ló kún inú tábúlẹ́ẹ̀tì náà, kò sì nílò dátà. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ nínú rẹ̀, girama àgbà sì wà lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí òfin UBE dáàbò bò. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ ló mọ bí yóò ṣe tọ́jú rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Florida ti ní ilé-ìwé ìjọba orí íntánẹ́ẹ̀tì, Florida Virtual School, láti 1997. Olùkọ́ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé-àṣẹ ìpínlẹ̀ náà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sanwó ló wá yàtọ̀: ilé-ìwé náà ń rí owó gbà lórí ọmọ tó parí ẹ̀kọ́ tó sì yege. Ìforúkọsílẹ̀ lásán kò mówó wá. Ó dára, nítorí kò sẹ́ni tó máa kó orúkọ jọ lásán. Ó léwu náà, nítorí ilé-ìwé tó ń wówó lè máa bu máàkì fọ́mọ bí ẹni bu omi. Minnesota ní tirẹ̀ fi òfin sọ pé olùkọ́ kan kò gbọ́dọ̀ ní ju ọmọ 40 lọ nínú ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, àfi tí wọ́n bá gba ìyọ̀ǹda.

N kò ní ká da tiwọn kọ. Iná àti nẹ́tíwọ̀kì wọn kì í ṣe tiwa. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni tó lè kọ́ni, iye ọmọ tó lè mú, àti ohun tí ìjọba ń sanwó fún.

Kí lẹ lè ṣe?

Bí ilé-ìwé ìjọba tí àbúrò tàbí ọmọ yín ń lọ bá gbé ẹ̀kọ́ sórí fóònù, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé tàbí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé náà. Ṣé olùkọ́ yìí ní nọ́ńbà TRCN? Ọmọ mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọmọ tí kò ní fóònù ńkọ́, ọ̀nà wo ni iṣẹ́ yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìpínlẹ̀ yín gbà àti èyí tí kò wá gbà, Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti kọ̀wé sí UBEC. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn.

Ẹ ò nílò lọ́yà láti kọ ọ́. Lẹ́tà ojú ewé kan ti tó, ẹ sì lè tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù nínú BRT.

Bí wọ́n bá fún yín lésì, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a máa kà á lórí ètò. Bí wọn ò bá fèsì, ẹ fi ìyẹn náà ránṣẹ́. Ó dìgbà kan ná.