Ilé Tí Wọ́n Mọ̀ọ́mọ̀ Fi Sílẹ̀ Láìrẹ́

Ní Gwagwarwa níbí, ní Kano, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni ilé tí wọn ò rẹ́ ní: owó ti tán lọ́wọ́ onílé. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí mo dé ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀, tí mo rí Gbọ̀ngàn Odùduwà, kọ̀ǹkéré gbalaja, láìrẹ́. Mo bi ẹ̀gbọ́n tó mú mi lọ pé ìgbà wo ni wọ́n máa parí ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Brutalism ni wọ́n ń pe irú ilé yẹn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ọ̀rọ̀ ìkà ni, bẹ́ẹ̀ Faransé ló ti wá: béton brut, kọ̀ǹkéré bó ṣe jáde nínú pákó tí wọ́n dà á sí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé ti wó kárí Yúróòpù, irin ò sì tó. Le Corbusier, ayàwòrán ilé, bẹ̀rẹ̀ ilé ńlá kan ní Marseille, ní Faransé, lọ́dún 1947, ibùgbé 337 nínú ilé kan. Irin ló kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Kọ̀ǹkéré ló rí lò. Nígbà tí wọ́n tú pákó, kókó igi àti ojú ibi tí pákó méjì ti pàdé hàn lára ògiri. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n parí ilé náà ní 1952. Ní Ìlú Ọba, Alison àti Peter Smithson, tọkọtaya ayàwòrán ilé, kọ́ ilé ìwé kan sí Hunstanton tí páìpù àti wáyà rẹ̀ wà níta gbangba. Ní 1955, Reyner Banham, òǹkọ̀wé nípa ilé kíkọ́, fi àròkọ kan sọ orúkọ náà di mímọ̀.

Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya tó yàwòrán Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ògiri oníhò tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, bá Le Corbusier ṣiṣẹ́ ní Chandigarh, ní Íńdíà. Ifẹ̀ ní tiẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwé iṣẹ́ ọnà Bauhaus ní Jámánì. Ẹ lọ dúró sábẹ́ ilé ẹ̀ka Humanities lọ́sàn-án gangan. Àjà kọ̀ọ̀kan yọ síta ju èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ, bíi pírámíìdì tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, tó fi jẹ́ pé àjà òkè ni agboòrùn àjà ìsàlẹ̀. Oòrùn ò ráyè wọlé. Òjò pàápàá, ìta ló ń kán sí. Ká má parọ́, kọ̀ǹkéré lásán kì í bá òjò ilẹ̀ wa rẹ́: kì í pẹ́ dúdú. Ìbòòji tí àjà òkè ń ṣe fún ti ìsàlẹ̀ ni èmi gbóríyìn fún.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ará Kano pé òyìnbó ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ohun ìkọ́lé fara rẹ̀ hàn. Tùbálì, ìṣù amọ̀ ṣóńṣó tí àwọn mọlémọlé Hausa ń sá sóòrùn, ló gbé àwọn ilé inú ìlú àtijọ́ ró, amọ̀ náà ni wọ́n sì fi ń rẹ́ ẹ. Demas Nwoko, ayàwòrán ilé ọmọ Nàìjíríà, náà po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì nígbà tó ń kọ́ ilé n'Ìbàdàn. Ní 2023, àfihàn iṣẹ́ ilé yíyà ti Biennale ní Venice fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà.

Lóṣù tó kọjá, mo ní kí bíríkìlà má rẹ́ ògiri ọgbà mi. Ó wò mí, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Bàbá, tó bá jẹ́ towó ni, ẹ lè máa san án díẹ̀díẹ̀."