Símíọ̀nì Adébọ̀ àti Iṣẹ́ tí Òṣìṣẹ́ Ìjọba Ń Ṣe Gan-an

Bí ẹ bá bi àwọn tó wà ní ọdún ìkẹyìn ní ẹ̀ka wa pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá sin ìlú tán, ọ̀pọ̀ wọn á ní iṣẹ́ ìjọba ni. Bí ẹ bá wá bi wọ́n pé kí ni òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣe gan-an, ọ̀rọ̀ á di ẹ̀rín. Wọ́n á ní owó oṣù ń wọlé, owó ìfẹ̀yìntì wà níwájú, a kì í sì í làágùn sí iṣẹ́ ìjọba.

Mòwé ni mò ń gbé. Òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ ládùúgbò wa, wọ́n pọ̀ ní Ìbàfo, wọ́n sì pọ̀ ní Ifọ̀. Àwọn kan ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n lè tètè dé Aláùsá, àwọn mìíràn ń lọ sí Òkè-Mosàn ní Abẹ́òkúta. A mọ aago tí wọ́n ń jáde, a mọ aago tí wọ́n ń wọlé, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe láàárín méjèèjì. Mo fẹ́ fi ìgbésí ayé ọmọ ìpínlẹ̀ wa kan ṣàlàyé rẹ̀: Olóyè Símíọ̀nì Ọláòṣebìkan Adébọ̀.

Láti ilé iṣẹ́ rélùwéè

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Adébọ̀ ní ọdún 1913. Ó lọ sí Abeokuta Grammar School, ó sì lọ sí King's College ní Èkó. Ní ọdún 1933, ó wọ iṣẹ́ rélùwéè. Nígbà náà, rélùwéè wà lára ibi tí ọ̀dọ́ tó mọ̀wé ti lè rí iṣẹ́ gidi. Ojú irin tó ti Èkó wá gba Ifọ̀ kọjá kó tó dé Abẹ́òkúta, Ifọ̀ náà sì ni ẹ̀ka tó lọ sí Ìlaròó ti yà. Lẹ́yìn èyí ló bọ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá tó ń ṣàkóso, ipò tó jẹ́ pé òyìnbó ló kún ibẹ̀ nígbà náà. Ó tún kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní London kí ọdún 1950 tó dé.

Ní ọdún 1954, òfin tuntun fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní agbára láti ní òṣìṣẹ́ ìjọba tirẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn nílò àwọn tó mọ ìṣirò owó, ibẹ̀ ni Adébọ̀ sì wà láàárín àwọn ọdún 1950. Ó di akọ̀wé àgbà ní ilé iṣẹ́ ìṣúná, lẹ́yìn náà ló di olórí òṣìṣẹ́ ìjọba gbogbo ẹkùn náà.

Ẹ wo irú iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 457,000 ní 1954, ó sì di 811,000 ó lé ní 1955. Olóṣèlú ló ṣèlérí, àwọn ló sì yẹ ká yìn fún un. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti jókòó, kó ka iye tíṣà, iye bẹ́ǹṣì àti iye owó, kó sì sọ ibi tí owó ọdún tó ń bọ̀ yóò ti wá. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba nìyẹn.

Bí fáìlì ṣe ń rìn

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìjọba fẹ́ kọ́ kíláàsì mẹ́fà sí ilé ìwé kan ní Ifọ̀. Òṣìṣẹ́ kékeré á kọ èrò rẹ̀ sínú fáìlì, á fọwọ́ sí i, á kọ déètì. Ọ̀gá rẹ̀ á kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fáìlì á ṣe máa gòkè títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé àgbà. Òun ló máa gba kọmíṣánnà nímọ̀ràn. Kọmíṣánnà ló ni ìpinnu, nítorí pé òun ló máa dáhùn lọ́dọ̀ gómìnà àti aráàlú. Ṣùgbọ́n akọ̀wé àgbà ló máa dáhùn fún owó. Bí kọmíṣánnà bá ní kí wọ́n san owó tí òfin kò fọwọ́ sí, ojúṣe akọ̀wé àgbà ni láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò bófin mu.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ń bínú pé fáìlì ń pẹ́, ká rántí pé gbogbo ìkọ̀wé wọ̀nyẹn ló ń jẹ́ ká mọ ẹni tó sọ kí ni, àti ìgbà tó sọ ọ́. Fáìlì tí wọ́n jókòó lé nítorí rìbá, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Olóṣèlú ń lọ, ọ́fíìsì dúró

Adébọ̀ ṣiṣẹ́ lábẹ́ Awólọ́wọ̀, ó sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ Akíntọ́lá tó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1959. Ní ọdún 1962, ìjà àwọn méjèèjì fọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú wọn. Ìjọba àpapọ̀ kéde pé nǹkan ò fararọ ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì fi Dókítà Majẹ́kódùnmí ṣe alákòóso. Àwọn mínísítà kúrò lórí àlééfà. Ṣùgbọ́n tíṣà ní láti gba owó oṣù, ilé ìwòsàn ní láti ṣí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló mú un dúró.

Ọdún yẹn náà ni Adébọ̀ lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York. Ó wà níbẹ̀ títí di 1967, lẹ́yìn náà ló di olórí UNITAR, ilé ẹ̀kọ́ àjọ náà, láti 1968 sí 1972. Nígbà tí ìjọba Gowon fẹ́ tún owó oṣù yẹ̀ wò ní 1970, òun ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ náà, àfikún owó yẹn sì di ohun tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè. Ó tún ṣe alága àjọ NUC tó ń mójú tó yunifásítì wa. Ó kú ní 1994.

Ohun tó bàjẹ́

Ẹni tó máa sọ òótọ́ fún ọ̀gá nílò ohun kan: kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí òótọ́ náà. Ní 1975, ìjọba Murtala lé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ju 10,000 lọ. Àwọn kan jẹ̀bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni wọn kò fún láǹfààní láti rojọ́. Ní 1988, òfin Babangida sọ akọ̀wé àgbà di ẹni tí yóò bá ìjọba tó yàn án lọ. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi yí i padà, àmọ́ ẹ̀kọ́ ti wọ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lára: ẹni tó bá fẹ́ pẹ́, kó pa ẹnu mọ́. Lójú tèmi, ibí yìí ni a ti pàdánù jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ọmọ 60 ọdún, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ni ẹ máa fẹ̀yìn tì. Ó pọ̀ jù láti fi ka aago. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ béèrè ìwé òfin iṣẹ́ ìjọba àti ìwé òfin ìnáwó, kí ẹ sì kà wọ́n. Ẹni tó mọ ojú ewé tí òfin wà ló lè kọ "kò bófin mu" sínú fáìlì, kó sì fọwọ́ sí i.