Èsì Àyẹ̀wò HIV Tó Yá Jù: Ǹjẹ́ Ó Ṣeé Gbára Lé?

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, pásítọ̀ kì í fọwọ́ sí ìgbéyàwó àfẹ́sọ́nà àyàfi bí àwọn méjèèjì bá mú èsì àyẹ̀wò HIV wá. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń wo ìwé kékeré yìí bí ẹni pé ó mọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí a ń fi ẹ̀jẹ̀ ìka ṣe, tí èsì rẹ̀ ń jáde láìpẹ́, kì í wá kòkòrò HIV fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ara ń kó jọ láti bá kòkòrò náà jà ló ń wá. Ara kì í sì í kó ọmọ ogun jọ lọ́jọ́ kan. Ó lè gba ọjọ́ 23 sí 90 kí wọ́n tó pọ̀ débi tí àyẹ̀wò yóò fi rí wọn. Ẹni tó kó kòkòrò náà lọ́sẹ̀ yìí, tó ṣe àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lè gba èsì pé kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ olè ti wọlé. Àyẹ̀wò náà kò purọ́ o. A tètè bi í ní ìbéèrè jù ni.

Èyí tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ apá fún ní lábù, tó ń wá ègé ara kòkòrò náà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun, tètè ríran jù: ọjọ́ 18 sí 45. Èyí tó ń wá kòkòrò náà gan-an lè rí i láàárín ọjọ́ 10 sí 33, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Kò sí ọ̀kankan tó lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù nìyí: ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn gan-an ni kòkòrò náà máa ń pọ̀ gidigidi nínú ẹ̀jẹ̀, tó sì rọrùn láti ran ẹlòmíràn. Àwọn kan a máa ní ibà, ọ̀nà ọ̀fun a máa dùn wọ́n, wọn a sì pè é ní ibà ẹ̀fọn lásán. Ọkọ tó ti ìrìn àjò dé, tó mọ ohun tó ṣe, tó wá ń fi èsì ọ̀sẹ̀ kan yangàn fún ìyàwó rẹ̀, ẹ̀mí ẹni ẹlẹ́ni ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Kí ó lo kọ́ńdọ̀mù tàbí kí ó ta kété, kí ó má sì fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, títí yóò fi tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀ràn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ì báà ṣe nọ́ọ̀sì tí abẹ́rẹ́ gún tàbí ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, kí ó má jókòó máa ka ọjọ́. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní PEP, tó lè dí kòkòrò náà lọ́nà. Wákàtí 72 péré ni àyè rẹ̀; bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn ná, kí ẹ tó máa béèrè ibi tó ti ń bọ̀ lóru.

Ní ti àwọn àfẹ́sọ́nà, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó. Ẹ ṣe é nísinsìnyí, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí ó bá sì fi hàn pé kòkòrò wà, wọn yóò fi irú àyẹ̀wò mìíràn wádìí rẹ̀ kí wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, oògùn sì wà tí ènìyàn lè máa lò, kí ó sì dàgbà dàgbà.