Ẹ má jẹ́ kí oníbàárà yín gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, ọdún 2024, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní pọ́ọ̀tù Àpápá tí àwọn ejẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn kó ẹrù jáde níbẹ̀ kò ní í gbàgbé bọ̀rọ̀. Iye náírà tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ṣírò dọ́là kan, kí wọ́n tó mọ owó ibodè tí ẹlẹ́rù yóò san, fò láti nǹkan bíi 952 kọjá 1,350. Kò sì dúró síbẹ̀. Léraléra ni wọ́n ń yí i padà nínú oṣù náà, títí tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa fi pàṣẹ ní ọjọ́ kẹtàlélógún pé iye dọ́là ọjọ́ tí oníṣòwò bá gba fọ́ọ̀mù M, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí ẹni tó fẹ́ kó ẹrù wọlé máa ń kọ́kọ́ gbà ní báńkì, ni kí wọ́n máa lò títí ẹrù rẹ̀ yóò fi jáde.

Ẹ wá fojú inú wo ejẹ́ǹtì kan tó ní oníbàárà ní Kánò, ní Aba àti ní Ìbàdàn. Iye tó sọ fún wọn ní ọjọ́ Ajé ti di irọ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ta ni yóò kọ́kọ́ pè? Kó tó pe ẹnì kẹta, ẹnì kẹwàá ti gbọ́ ọ níbòmíràn, ó sì ti ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bóyá ejẹ́ǹtì òun fẹ́ fi ọgbọ́n gba owó lọ́wọ́ òun ni. Irú ìfura kékeré bẹ́ẹ̀ ti tú òwò ọlọ́dún gbọọrọ ká rí. Lójú tèmi, owó tó gorí ẹrù kọ́ ló ń lé oníbàárà lọ jù, bí kò ṣe pé wọn kò tètè sọ fún un.

WhatsApp ni ọ̀pọ̀ wa gbójú lé, kò sì burú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀ kò lè kọjá èèyàn 256 nínú ìwé orúkọ kan, kì í sì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà yín sínú fóònù rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá, ọdún 2021, WhatsApp, Facebook àti Instagram dákú pọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri ayé. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ti ilẹ̀kùn Twitter pa ní oṣù kẹfà, tí wọn kò ṣí i títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Oníṣòwò tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ti ń bá oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kàn káwọ́ lérí ni. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà sọ nípa ṣòkòtò àgbàbọ̀: bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, yóò ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í báni mu.

Ọ̀nà kan wà tó ti pẹ́, tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀. RSS ni orúkọ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 1999. Fáìlì kékeré kan ni, tó ń gbé lórí ìkànnì yín. Àkọlé ìròyìn, ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, àkótán rẹ̀ àti àdírẹ́sì ibi tí gbogbo rẹ̀ wà ni ó ń kó dání, bí ẹ bá sì ti kọ ohun tuntun, yóò tò ó sókè fúnra rẹ̀. Oníbàárà ní tirẹ̀ yóò ní áàpù kan lórí fóònù, bíi Feedly tàbí Inoreader, tí yóò máa yọjú wo fáìlì náà láti ìgbà dé ìgbà, tí yóò sì gbé ohun tuntun tó bá rí wá fún un, bíi fẹ́ńdọ̀ tó mọ ìwé ìròyìn tí ẹ máa ń rà.

Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé oníbàárà kò ní láti fún yín ní nọ́ńbà tàbí ímeèlì rẹ̀ kó tó gbà á. Bó bá sú u, yóò yọ ọ́ kúrò, ó parí. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan láàárín ẹ̀yin méjèèjì tí yóò máa pinnu ẹni tí yóò rí ọ̀rọ̀ yín. Tí àríyànjiyàn bá sì dé lọ́la, ìkéde yín àti ọjọ́ tó jáde wà nínú áàpù rẹ̀.

Nígbà tí Google pa áàpù tirẹ̀, Google Reader, tì ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, ọdún 2013, ọ̀pọ̀ ló rò pé RSS ti kú. Kò kú o. Púpọ̀ nínú àwọn pọ́díkáàsì tí ẹ ń gbọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, RSS ló ń gbé wọn kiri.

Ó ní ibi tó kù sí. Ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Nítorí náà iye dọ́là, òfin tuntun àti ọjọ́ tí iṣẹ́ kò ní í sí ní pọ́ọ̀tù ló yẹ ibẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹtéénà ẹnì kan. Ó tún lè pẹ́ díẹ̀ kí áàpù tó yọjú, nítorí náà ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ṣì ń fẹ́ ìpè. Bàbá oníṣòwò tí kò mọ áàpù, ẹ máa pè é bí ẹ ti ń ṣe; àwọn tó fẹ́ràn ímeèlì ńkọ́? Mailchimp lè mú ìròyìn láti inú RSS, kó fi ránṣẹ́ sí wọn. Ilé yín lẹ ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni yóò ti gba gbogbo ọ̀nà yòókù lọ.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló tilẹ̀ ti ní in láìmọ̀. Bó bá jẹ́ WordPress ni wọ́n fi ṣe ìkànnì yín, ẹ kọ /feed/ sí ìparí àdírẹ́sì rẹ̀, kí ẹ wo ohun tó bá jáde. Kí ẹ sì yẹ ọjọ́ tó wà lára ìròyìn àkọ́kọ́ níbẹ̀ wò, bóyá ti ọdún tí ẹ ṣí ìkànnì náà ṣì ni.