Gààrí Inú Ìkòkò Wa àti Ìwádìí Ọmọ Òkèmẹ̀sí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, ìyá kan tí ń ta gààrí bi mí ní ìbéèrè. Ọmọ rẹ̀ kan ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, èkejì ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Pólítẹ́kíníìkì ìjọba àpapọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo ìwádìí tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣe yìí, èwo ló kan ìkòkò tèmi níbẹ̀?"

Mo ní, "Màmá, gààrí tí ẹ ń wọ̀n yẹn gan-an ló kàn."

Ọdún 1935 ni a bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ní Òkèmẹ̀sí wa níhìn-ín. Dókítà àrùn ọpọlọ àti iṣan ara ni, ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn aláìsàn kan ń wá láti ìhà Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú nígbà náà: àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń jó wọn bí iná, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ a kú, wọn kò ní mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́. Ìrìn wọn a dàbí ti ẹni tó mu ẹmu yó. Ojú a máa ṣú, etí a sì máa di. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ará ilé yóò kọ́kọ́ sọ: wọn a ní ayé ló ń ṣe é.

Ọ̀ṣúntókun kò dúró sí ọsibítù. Ó lọ bá wọn lábúlé, ó bèèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, ẹ̀gẹ́ lọ́sàn-án, ẹ̀gẹ́ lálẹ́, ẹran àti ẹja kò sì tó nǹkan. Ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì bá àmì májèlé sáyánáìdì níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ní 1968 ló gbé e jáde nínú ìwé àwọn dókítà tí a ń pè ní Brain.

Níhìn-ín ni ìmọ̀ kẹ́místrì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ohun kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí ń jẹ́ linamarin. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́, á yí padà di sáyánáìdì. Bí a bá fi sílẹ̀ kó kan dáadáa, tí a fún omi rẹ̀ tán, tí a sì yan án, èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé náà á bá omi àti afẹ́fẹ́ lọ. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kí kẹ́místrì tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó rin ín lónìí tó sì yan án lọ́la nítorí owó ọjà ni kí a máa ṣọ́ra fún. Ní Mòsáńbíìkì ní 1981, nígbà ọ̀dá, ebi kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè dúró de ẹ̀gẹ́ kíkorò kó kan; ẹsẹ̀ ènìyàn tó lé ní 1,000 ló rọ, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù.

N kò ní fi ohun kan pa mọ́ fún yín. Àwọn olùwádìí mìíràn padà sí Ọ̀sọsà, ìlú Hubert Ogunde, wọ́n sì rí àrùn náà lára nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100; ìwé wọn jáde ní 2000. Wọn kò gbà pé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ nìkan ló fà á. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé máa jẹ ẹ̀gẹ́ tútù. Ẹ fi ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin ti gààrí lẹ́yìn, nítorí ohun tí ara fi ń pa agbára májèlé náà ń bẹ nínú wọn. (Ẹ̀yin ọmọ iyán, ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ ohun tí àwọn ọmọ yín ń mu ní ilé-ìwé.) Bí ẹsẹ̀ bá ń kú, ẹ tètè lọ rí dókítà.

Ní 1992, òun àti Dókítà Hugh Hendrie ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn lórí àwọn àgbàlagbà tí ń ṣàrán. Wọ́n fi àwọn ẹni ọdún 65 sókè ní Ìbàdàn wé àwọn adúláwọ̀ ìlú Indianapolis, ó lé ní 2,000 níhà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ àgbà Ìbàdàn kò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, nítorí náà ìtàn ìlú ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ orí: ta ló wà lórí oyè, ogun wo ló ń jà? Wọ́n túmọ̀ ìbéèrè náà sí Yorùbá, àwọn onímọ̀ ìṣirò sì ko èsì sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì àti àwọn yòókù ń bá a lọ. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, nínú 1,000 àgbà, nǹkan bí 13 ni àrùn náà ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, ó tó 32 ní Indianapolis. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kéré lára àwọn ti Ìbàdàn, èyí sì wà lára ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí yín wò, ẹ má dúró dìgbà tí orí bá ń fọ́ wọn.

Ìyá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní ọjọ́ mẹ́rin ni tòun máa ń lò nínú àpò, kí n lọ bèèrè. Ó bu èènì sí i fún mi.