Òǹtẹ̀ Owó: Bí A Ti Ń Ṣe É àti Bí Ó Ti Ń Gbó

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Akówọnjọ, ní agbègbè Alimọ́ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, mú owó onírin méjì wá bá wa, kọ́bọ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá ti ọdún 1973. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára méjèèjì, láti orí igi ọ̀pẹ tí a yà sí i lọ sí ìhà etí rẹ̀. Lára ọ̀kan, ìlà náà kò dé etí. Lára èkejì, ó dé e. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ẹnì kan ló fi ọ̀bẹ ha wọ́n. Òun kò gbà, nítorí pé ìlà náà yọ sókè bí a bá fi èékánná kàn án, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ọ̀bẹ bá ha a máa jin sínú ni. Ó yẹ ìwé tí ó fi ń kọ́ wọn wò, ìwé tí a túmọ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kà á níbẹ̀ pé inú mọ́ọ̀dù ni a ti ń da owó. Gbólóhùn yìí ni kò jẹ́ kí ó rí àlàyé ṣe.

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ àwọn tí ń da idẹ yóò rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ìda ni wọ́n fi ń ṣe àwòrán, amọ̀ ni wọ́n fi ń bò ó. Wọn a fi iná yọ́ ìda náà jáde, wọn a da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀, nígbà tí ó bá sì tutù, wọn a fọ́ amọ̀ náà. Amọ̀ kan, ère kan. Àbùkù ara amọ̀ náà kò lè hàn lára ère mìíràn. Báwo wá ni ìlà kan náà ṣe wà lára owó méjì, tí ó tún gùn lára ọ̀kan ju èkejì lọ?

Ìdáhùn ni pé a kì í da owó onírin òde òní, bẹ́ẹ̀ ni a kì í rọ ọ́ bí alágbẹ̀dẹ ti ń rọ ọkọ́. Ńṣe ni a ń tẹ̀ ẹ́. A ó gé ẹyọ roboto láti ara irin pẹlẹbẹ, a ó fi iná mú un rọ̀, a ó jẹ́ kí ó tutù, a ó sì fi í sí àárín irin líle méjì tí àwòrán wà lójú wọn. Ẹ̀rọ yóò fi agbára ńlá pa wọ́n pọ̀. Òrùka irin tí ó yí i ká kò ní jẹ́ kí ó fẹ̀ kọjá ààyè. Lẹ́ẹ̀kan náà ni àwòrán yóò yọ níwájú àti lẹ́yìn. Irin líle wọ̀nyí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “die”. Òǹtẹ̀ ni a dábàá pé kí a máa pè é, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ti gba lẹ́tà ilé ìfìwéránṣẹ́ rí tí kò mọ òǹtẹ̀.

Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni òǹtẹ̀. Èkínní ni èyí tí àwòrán rẹ̀ yọ sókè gẹ́gẹ́ bí ó ti yọ lára owó. Èkejì ni èyí tí àwòrán rẹ̀ jin sínú, tí apá ọ̀tún rẹ̀ sì di òsì. A dábàá akọ òǹtẹ̀ fún èkínní àti abo òǹtẹ̀ fún èkejì. Àwọn kan yóò fẹ́ ìyá àti ọmọ, ṣùgbọ́n ìyá àti ọmọ kò sọ ju èyí tí ó ṣáájú lọ. Kò sọ èyí tí ó yọ àti èyí tí ó jin. Kìkì pé ẹni tí ó bá máa ń pe irin líle ní akọ irin ní láti ṣọ́ra níbí, nítorí pé irin líle ni àti akọ àti abo òǹtẹ̀.

Oníṣẹ́-ọnà ni yóò kọ́kọ́ fi amọ̀ ṣe àwòrán tí ó tóbi ju owó lọ nígbà mélòó kan. A ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tí ó le. Ẹ̀rọ kan yóò máa fi abẹ́rẹ́ tọ ojú ẹ̀dà yìí díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀bẹ rẹ̀ yóò máa gbẹ́ àwòrán kan náà ní kékeré sí orí irin tí ó ṣì rọ̀. Lóde òní, kọ̀ǹpútà a máa darí ọ̀bẹ náà. Èyí ni akọ ìpilẹ̀ṣẹ̀. A ó fi sínú iná títí yóò fi pọ́n, a ó rì í sínú òróró kí ó lè le, a ó sì tún yá a nínú iná tí kò tó ti àkọ́kọ́, kí líle náà má baà sọ ọ́ di ohun tí ń fọ́ bí àwo. A ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin rírọ̀ mìíràn, yóò sì fún wa ní abo ìpilẹ̀ṣẹ̀. Abo yìí, nígbà tí ó bá ti le, ni yóò bí akọ ìṣiṣẹ́. Akọ ìṣiṣẹ́ ni yóò bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ abo ìṣiṣẹ́, èyí tí ń tẹ owó gan-an. Bí abo ìṣiṣẹ́ kan bá bàjẹ́, a ó tẹ òmíràn, ọwọ́ kò sì ní kan ti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Bíbàjẹ́ kò sì lè ṣàì dé. Bí òǹtẹ̀ ti ń balẹ̀, ara owó a máa sún láti àárín lọ sí etí, a sì máa fi ìlà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ sílẹ̀ lójú òǹtẹ̀. Owó tí ó bá ti ara òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde a máa dán bí aṣọ ṣẹ́dà, lẹ́tà ẹ̀bá etí rẹ̀ a sì fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Gbígbó nìyí. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ a lù láìsí owó láàárín. Òǹtẹ̀ méjèèjì a sì tẹ ara wọn, tí òjìji iwájú yóò fi máa hàn lẹ́yìn owó tí a bá tẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. A lè pe èyí ní ìkọlù òǹtẹ̀. Bí gíríìsì àti ìdọ̀tí bá dí lẹ́tà kan, lẹ́tà náà kò ní yọ lára owó, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe gbígbó, nítorí pé bí a bá nù ún, ó tán.

Òǹtẹ̀ kan lè tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó, ó sì lè bàjẹ́ kí ó tó jìnnà. Ohun tí a fi ṣe owó náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ààbọ̀ kọ́bọ̀ àti kọ́bọ̀ kan ti 1973 jẹ́ àdàlù tí bàbà pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì rọ̀ díẹ̀. Kọ́bọ̀ márùn-ún, mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jẹ́ àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì, tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí owó 1991 dé, irin tí a fi bàbà tàbí níkẹ́ẹ̀lì bò ni wọ́n. Irin ń bá irin jà nìyẹn. Nítorí èyí ni àwọn ilé ìtẹwó ṣe máa ń fi krómíọ́mù bo ojú òǹtẹ̀.

Ó wá ku ìlà ti olùkọ́ Akówọnjọ. Òǹtẹ̀ a máa sán, pàápàá láti ibi tí ìkọ̀rọ̀ àwòrán bá ti mú ṣonṣo. Bí ó bá sán, ara owó a wọ inú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ náà, a sì yọ sókè. Ìsán òǹtẹ̀ ni a fẹ́ kí a máa pè é. Ìsán kì í padà. Ńṣe ni ó ń gùn sí i pẹ̀lú ìlù kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí òǹtẹ̀ kan náà bá ni ó tẹ owó méjèèjì, èyí tí ìlà rẹ̀ kò dé etí ni a kọ́kọ́ tẹ̀. Olùkọ́ náà ti wá ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá kọ́bọ̀ mẹ́wàá ti ọdún yẹn sí i nínú àpótí àwọn ìyá-ìyá wọn, bóyá wọn yóò rí èyí tí kò tíì ní ìlà rárá.