Akpakpa: Bí àjọ ṣe lè di òwò tí òfin mọ̀

Ní apá ìlà-oòrùn ọ̀sà Kútonu ni Akpakpa wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Sèmè àti Àjàṣẹ́. Bí iléeṣẹ́ ńláńlá ṣe wà níbẹ̀ náà ni òwò kéékèèké kún àwọn àdúgbò bíi Sùúrù-lérè àti Ayélawájẹ: ẹja yíyan, epo pupa, gàrí, aṣọ rírán. Àjọ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe òwò wọ̀nyí fi ń kó owó jọ.

Àjọ dára, ìgbẹ́kẹ̀lé ló gbé e dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń gba owó bá sá lọ, tàbí tó kú lójijì, ìwé wo ni àwọn tó dá a yóò mú lọ sí kóòtù? Ará Kútonu kò tíì gbàgbé ọdún 2010, nígbà tí ICC Services, tó ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú láìní àṣẹ, tó sì ń ṣèlérí èlé gọbọi, dojú dé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló pàdánù owó wọn.

Lọ́dún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá, àwọn orílẹ̀-èdè OHADA, tí Benin wà lára wọn, fọwọ́ sí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Lomé. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Ohun tó sọ kò le: ẹni márùn-ún péré ti tó láti dá ẹgbẹ́ kékeré sílẹ̀. Ìbò kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ìbáà jẹ́ pé owó rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ yọ apá kan nínú èrè pa mọ́, kí ó sì yọ òmíràn sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Tí orúkọ ẹgbẹ́ bá ti wọ ìwé ìjọba, ó lè ra ẹ̀rọ, ó sì lè pe ẹjọ́, lórúkọ ara rẹ̀.

Ẹ má ṣi èyí gbọ́ o. Ẹgbẹ́ tó jọ ń fún epo yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ tó ń gba owó ìpamọ́, tó sì ń yáni lówó. Èyí tó ń yáni lówó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́tọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìjọba náà ń yáni lówó. Ní 2007 ni ètò ẹ̀yáwó fún àwọn aláìní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 30,000 sẹ́fà. Ní 2020 ni ti Àlàáfíà tẹ̀lé e, tí Fonds National de la Microfinance ń bójú tó, tí owó rẹ̀ sì ń gba orí fóònù wọlé. Irú owó bẹ́ẹ̀ lè ra agbọ̀n tòmátì, kò lè ra ẹ̀rọ ìfúnpo. Ṣùgbọ́n ẹni márùn-ún tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ tí òfin mọ̀ lè jọ lọ bá báńkì lórúkọ ẹgbẹ́ náà.

Kamẹrúùnù (2019) àti Sẹ̀nẹ̀gà (2021) ti ṣòfin pàtó fún òwò àjùmọ̀ní tí èrè rẹ̀ ń padà sí àdúgbò. Ohun tí àwa ń béèrè kò tó bẹ́ẹ̀: kí òṣìṣẹ́ tó mọ òfin OHADA wà ní ọ́fíìsì arọ́ńdísìmà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Akpakpa, kí ó máa ṣàlàyé rẹ̀ ní Fọ̀n, Gùn àti Yorùbá, kí ó sì ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ láti kọ ìwé ìdásílẹ̀. Faransé nìkan kò lè gbé òfin náà dé ìdí ààrò ẹja.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ̀yin tí ẹ jọ ń dájọ, ẹ kọ orúkọ gbogbo yín sílẹ̀, ẹ yan ẹni mẹ́ta tí yóò máa bójú tó owó, ẹ sì máa fọwọ́ sí ìwé nígbàkigbà tí owó bá wọlé tàbí tó jáde.